Ẹ̀rọ Agé-Chin-chin ní Múṣin: Ibi Tí A Kọ́ àti Ibi Tí A Rà

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ̀rọ yìí ṣe kò ju báyìí lọ: kí dóò, ìyẹn fúláwà pípò, tí wọ́n ti tẹ́ pẹrẹsẹ gba ojú kan wọlé, kí ó máa já bọ́ lójú kejì ní ẹyọ kéékèèké, 10 mm ní ìbú, 10 mm ní gígùn, 8 mm ní nínípọn. Ibi iṣẹ́ kékeré kan ní Múṣin tó ń dín chin-chin fún àwọn onísọ́ọ̀bù ló ni ín. Ọ̀bẹ àti rúlà onígi ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ tó bá ti ń gé láti àárọ̀ kì í gé bákan náà mọ́ tó bá di ọ̀sán: ẹyọ kan á jẹ́ 7 mm, èkejì á jẹ́ 15. Nínú agbada kan náà, nínú òróró 175°C, èyí tó kéré á ti dúdú kí inú èyí tó tóbi tó gbẹ. Èyí tí inú rẹ̀ kò gbẹ ló sì máa ń rọ̀ nínú ọ̀rá lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, tí onísọ́ọ̀bù á fi dá ọjà padà. Nítorí náà, ọgbọọgba la ń wá, kì í ṣe eré. Ohun tó pinnu gbogbo ìyókù nìyẹn.

Kí ló dé tí a kò rà á

Ẹ̀rọ agé-nǹkan kún ọjà. Èyí tó wà fún núdù máa ń la dóò sí ọ̀já gígùn, ó tán, kì í dá a ní ìbú. Èyí tó wà fún bisikíìtì a máa fi mọ́ọ̀dù tẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbẹ́ dóò tó bá ṣẹ́kù á padà sínú ìpò. Dóò tí a bá pò lẹ́ẹ̀kejì, ara rẹ̀ á le, chin-chin rẹ̀ náà á le ju ti àkọ́kọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀rá kan náà ni méjèèjì ń wọ̀. Àwọn jórinjórin tó ń kọ́ ẹ̀rọ chin-chin tà wà káàkiri Èkó, iṣẹ́ wọn kò burú, àmọ́ ìwọ̀n kan ni wọ́n sábà máa ń ṣe é sí. Ẹni tó bá fẹ́ ìwọ̀n mìíràn, àfi kó ra àgbá ọ̀bẹ mìíràn. Èyí tó ń ti òkè òkun bọ̀ máa ń dán gbinrin, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọ̀bẹ kan bá kán nínú rẹ̀, ẹ ó dúró de ọkọ̀ ojú omi, nígbà tí oníléètì, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ léètì gé irin, tó lè gé irú rẹ̀ wà ní òpópónà kejì.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láyé. Nígbà tí King Gillette fẹ́ ṣe abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí èèyàn á lò tí á sì jù nù, ní Amẹ́ríkà, kò sí ẹ̀rọ kankan lọ́jà tó lè pọ́n irin tó tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀, torí pé kò sẹ́ni tó ti ṣe irú abẹ náà rí. William Nickerson, onímọ̀ ẹ̀rọ kan, ló jókòó tì í títí ó fi kọ́ ẹ̀rọ náà. Lọ́dún 1903 tí ọjà kọ́kọ́ jáde, ìdìmú 51 àti abẹ 168 péré ni wọ́n tà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìdìmú tí wọ́n tà ti lé ní 90,000. Abẹ ni aráyé rí rà. Ẹ̀rọ tó ń pọ́n ọn kò kúrò nílé. Ní Japan, Toyota náà ní ẹ̀ka tó ń kọ́ ẹ̀rọ iṣẹ́ irin fún un; ó yà á sọ́tọ̀ lọ́dún 1941, ó di Toyoda Machine Works. Nítòsí wa níbí, FIIRO, ilé ìwádìí iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Òṣòdì lọ́dún 1956, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ronú ẹ̀rọ gàrí, torí ìlú tí kò jẹ gàrí, ibo ni yóò ti rí ẹ̀rọ gàrí tí yóò kó ránṣẹ́ sí wa? Bẹ́ẹ̀ náà ni chin-chin.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́lé kì í rọ ìṣó. Òfin tí a gbé iṣẹ́ yìí lé nìyí: ibi tí irin bá ti kan dóò, a kọ́ ọ; ibi tí irin bá ti kan irin, a rà á. Ohun tó mọ dóò yẹn kò sí nínú ìwé ọlọ́jà kankan. Béárìn tí ọ̀pá tó ń yí máa ń jókòó sí ńkọ́? Ó wà nínú ìwé gbogbo ọlọ́jà, ó sì dára ju èyí tí ẹnikẹ́ni lè fi léètì gé lọ.

Ohun tí a rà

Mọ́tò iná kan, 1 hp, síńgù fésì, ìyípo 1440 ní ìṣẹ́jú kan. Gíábọ́ọ̀sì oní-wọ́ọ̀mù kan tó ń dín ìyípo mọ́tò kù, 1:60. Béárìn UCFL205 mẹ́fà, pẹ̀lú ilé wọn. Gíà méjì, eyín 38 lọ́kọ̀ọ̀kan, module (ìwọ̀n ìtóbi eyín) 2. Sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ọ̀kadà kan, eyín 42, àti ṣéènì ọ̀kadà 428 kan, láti ọjà Ládípọ̀. Sípírọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré kan, eyín 14. Kọ́ńtátọ̀ (suwíìṣì oní-òòfà), ofalóòdù tó ń já iná bí mọ́tò bá ń fà á jù, bọ́tìnì ìtanná àti bọ́tìnì pupa fún pàjáwìrì. Irin áńgù 50 × 50 × 5 mm fún férémù, ọ̀pá méjì.

Béárìn UCP206 ló kọ́kọ́ wà nínú àwòrán, fún ṣáàfù (ọ̀pá irin tó ń yí) 30 mm, torí pé òun ló wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn oníbéárìn. Kò ṣeé lò. Ṣáàfù òkè ló gbé àwọn díìsì tó ń la dóò, ti ìsàlẹ̀ gbé róólà tó gbà wọ́n. Àárín ṣáàfù òkè sí àárín ṣáàfù ìsàlẹ̀ jẹ́ 76.4 mm, béárìn méjì tí wọ́n bá sì gbéra léra á kọlu ara wọn. UCFL206 tó rí bí ẹyin náà fẹ̀ tó 80 mm, kò wọlé. UCFL205 fẹ̀ ní 68 mm, ó wọlé, ó tún ṣẹ́kù 8.4 mm. Bí ẹnu ṣáàfù ṣe di 25 mm nìyẹn, tí ikùn rẹ̀ ṣì wà ní 30 mm. Ẹ wọn ilé béárìn kí ẹ tó ya ihò, kì í ṣe ihò inú rẹ̀ nìkan.

Sípírọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré kò ṣeé mú lára ọ̀kadà. Eyín wà nínú ihò rẹ̀, wọ́n sì ti dáná sí irin náà kó lè le, ọ̀bẹ léètì lásán á kàn máa sáré lórí rẹ̀ ni. Èyí tí wọ́n ń pè ní 08B, tí ihò rẹ̀ kò tíì tóbi, ni ẹ rà. Láti eyín kan sí èkejì ṣéènì rẹ̀ jẹ́ 12.7 mm, bákan náà ni ti ṣéènì 428 ọ̀kadà, wọ́n á bá ara wọn ṣe.

Sitéńlẹ́ẹ̀sì la fi ṣe gbogbo ohun tó bá kan dóò, irú tí wọ́n ń pè ní 304. Òwòdé Onírin la ti mú àgékù rẹ̀. Àwọn kan á gbé òòfà kékeré dání, wọ́n ní bí òòfà kò bá ti fà á, 304 ni. Irọ́ ni. Òòfà kò fa irú tí wọ́n ń pè ní 201 náà, 201 kò wọ́n tó 304, á sì dípẹtà bí iyọ̀ bá ń kàn án lójoojúmọ́. Omi àyẹ̀wò tí wọ́n ń kán sí i lójú ló ń ya méjèèjì sọ́tọ̀: àwọ̀ tó bá yọ ni yóò sọ. Ìgò kékeré kan á tó ẹ lò fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́.

Ìṣirò ṣáájú irin

Mọ́tò 1440, gíábọ́ọ̀sì 1:60, ṣáàfù òkè á yí ìgbà 24 ní ìṣẹ́jú kan. Orí ṣáàfù òkè ni àwọn díìsì tó ń la dóò sí ọ̀já wà. Ọ̀já á kọjá lórí pẹpẹ kékeré, á yọ orí jáde létí ọ̀bẹ tó dúró sójú kan, àgbá ọ̀bẹ tó ń yí á sì já a. Àgbá náà ní ọ̀bẹ 8. Gígùn ẹyọ chin-chin kò sí lọ́wọ́ mọ́tò rárá. Ọwọ́ eyín ṣéènì ló wà. Bí iná bá lọ sílẹ̀ tí mọ́tò ń falẹ̀, díìsì àti àgbá á jọ falẹ̀ pọ̀, gígùn kò ní yí padà.

Díìsì 80 mm ni àwòrán àkọ́kọ́ ní. Àyíká rẹ̀ jẹ́ 251.3 mm. Kí ẹyọ kan tó lè jẹ́ 10 mm, àgbá gbọ́dọ̀ yí ìgbà 3.14 nígbà tí díìsì bá yí ẹ̀ẹ̀kan, ìyẹn eyín 44 sí 14. Ládípọ̀ kún fún 42, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá 44 á rìn kó tó rí i. Bí a bá sì fi 42 sí i bẹ́ẹ̀, ẹyọ á di 10.47 mm.

Ibí yìí ni ẹni tó ń kọ́ ẹ̀rọ ara rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ẹni tó ń rà á. Kò sídìí láti máa wá 44 kiri. Díìsì wa kò tíì wọ léètì, a lè sọ pé kó kéré sí i. 42 sí 14 jẹ́ 3 géérégé. Ọ̀bẹ 8 lọ́nà 3 jẹ́ 24, 24 lọ́nà 10 mm jẹ́ 240 mm, àyíká 240 mm sì jẹ́ díìsì 76.4 mm. Bí 76.4 ṣe wọ iṣẹ́ yìí nìyẹn, òun náà ló padà wá lé UCP206 jáde. Gíà eyín 38 méjì tó so ṣáàfù òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀, tí module wọn jẹ́ 2, fẹ́ kí àárín ṣáàfù méjèèjì jẹ́ 76.0 mm. A fi 0.4 mm kún un. Eyín á ta díẹ̀, kò sì ní pa wá lára lórí ohun tó ń yí ìgbà 24 ní ìṣẹ́jú kan.

Ṣéènì kì í yí ìhà padà, ìyẹn ló jẹ́ kí ó ti ọwọ́ ṣáàfù òkè lọ sí àgbá. Bí ìsàlẹ̀ díìsì bá ń ti dóò síwájú, ọ̀bẹ àgbá á máa sọ̀ kalẹ̀ níwájú pẹpẹ. Bí a bá so ó mọ́ ṣáàfù ìsàlẹ̀, ọ̀bẹ á máa gòkè, á sì máa ká dóò sókè dípò kó já a.

Àwòrán tí a jù nù

Ohun tó kọ́kọ́ wọlé sọ́kàn ni àgbá kan ṣoṣo tí ojú rẹ̀ dà bí àwọ̀n: ọ̀bẹ ní ìbú, ọ̀bẹ ní gígùn, kí ìlà àti ìdá ṣẹlẹ̀ pa pọ̀. Ó kéré, ó rọrùn, kò nílò ṣéènì. A gé ìdajì rẹ̀ láti dán an wò, ojú àwọ̀n 12 ní ìbú. Ìyípo kìíní, ẹyọ tó já bọ́ kò ju díẹ̀ lọ. Ìyípo kẹta, gbogbo ojú àwọ̀n ti dí pátápátá, ó wá dà bí róólà lásán.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ẹyọ 10 × 10 × 8 mm nínú ihò kan ní ògiri mẹ́rin tó dì í mú, ìwọ̀n ara rẹ̀ kò sì tó gíráàmù kan. Kò sí ohun tó máa fà á jáde. Bí a bá da fúláwà gbígbẹ sí i kí ó má baà lẹ̀, fúláwà yẹn á bá chin-chin wọ agbada, á jóná nísàlẹ̀, òróró á dúdú ṣáájú ọjọ́ rẹ̀, iye òróró tí wọ́n máa pààrọ̀ á sì jẹ gbogbo ohun tí ẹ̀rọ bá gbà wọ́n sílẹ̀. Ló fà á tí a fi ya ìlà sọ́tọ̀ kúrò lára ìdá: ọ̀já ní ògiri méjì péré, òòyà irin tí ọmọ ìka rẹ̀ wọ àárín díìsì sì lè fà á jáde.

Díìsì, wáṣà àti òòyà

Ohun tó gba ọjọ́ jù nìyí.

Díìsì 25, ọ̀kọ̀ọ̀kan 2 mm. Wáṣà nínípọn 24 láàárín wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan 8 mm, ìbú wáṣà láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ 56 mm. Ọ̀nà tí dóò ń gbà láàárín díìsì méjì jin tó 10.2 mm, dóò 8 mm kò ní fi orí kan wáṣà. Ọmọ ìka òòyà 24, ọ̀kọ̀ọ̀kan 6 mm, wọ inú àlàfo 8 mm, ó ṣẹ́kù 1 mm lọ́tùn-ún, 1 mm lósì.

Ní ìwé, ó gún régé. Nígbà tí a tò ó sórí ṣáàfù, òòyà wọ àlàfo 10 àkọ́kọ́ wẹ́rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha díìsì ní ìkẹẹ̀ẹ́dógún, kò wọ ìkejìlélógún rárá. Irin tí wọ́n tà ní 2 mm kì í pé 2 mm. Fániyà, ohun èlò tí a fi ń wọn nínípọn, kà á sí 1.9. Díìsì 25 lọ́nà 0.1 jẹ́ 2.5 mm. Àlàfo kìíní kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, àlàfo tó gbẹ̀yìn ló ń san gbèsè gbogbo wọn. Òòyà tí a fi léésà gé ní 10 mm géérégé kò sì ní ibi tí yóò yà sí.

Àtúnṣe rẹ̀: ẹ wọn gbogbo díìsì tán kí ẹ tó gé wáṣà kankan. Ẹ kọ iye rẹ̀ sí i lára pẹ̀lú máákà. Díìsì àti wáṣà kan gbọ́dọ̀ jẹ́ 10.00 mm pa pọ̀, nítorí náà wáṣà wa di 8.10. Oníléètì tó bá mọ́wọ́ lè di 0.03 mm mú lórí wáṣà, ṣùgbọ́n 24 lọ́nà 0.03 ṣì jẹ́ 0.72 mm bí gbogbo rẹ̀ bá ṣì sí apá kan. Ẹ pín wọn sí ọ̀nà méjì, èyí tó nípọn díẹ̀ àti èyí tó tín díẹ̀, kí ẹ tò wọ́n lékan-lékan, ọ̀kan níbí ọ̀kan lọ́hùn-ún. Ohun tó ṣẹ́kù lópin kò tó 0.2 mm, òòyà sì wọlé láìha.

Kíì 8 mm kan, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń mú kí wọ́n bá ṣáàfù yí, ló gba inú gbogbo wọn kọjá, nọ́ọ̀tì ńlá sì dè wọ́n ní ìpẹ̀kun. Ẹ má jó díìsì mọ́ ṣáàfù. Ooru iná jíjó máa ń tẹ ṣáàfù bí ọrun, lọ́jọ́ tí díìsì kan bá sì ṣẹ́, gbogbo rẹ̀ lẹ ó jù nù. Ẹnu díìsì la kò pọ́n bí abẹ: a fi 0.3 mm sílẹ̀ ní pẹlẹbẹ, torí pé dóò rọ̀, ẹnu tó bá mú jù á kàn máa gbẹ́ róólà ìsàlẹ̀ ni.

Róólà ìsàlẹ̀

Ọ̀rọ̀ kékeré tó fẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́. Róólà tó gba díìsì nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ rọ̀ ju díìsì lọ, kí díìsì má baà kú. Ọ̀pá funfun líle tí àwọn oníléètì ń lò la rà, èyí tí gbogbo wọn ń pè ní Tẹ́fúlọ̀nù. Kì í ṣe Tẹ́fúlọ̀nù, náílọ́ọ̀nù ni. Náílọ́ọ̀nù ń mu omi, ó sì ń wú. Wọ́n ń fọ ẹ̀rọ náà lálaalẹ́, wọ́n ń fi aṣọ tútù bò ó. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, iná tí mọ́tò ń fà láìsí dóò kankan lẹ́nu rẹ̀ kúrò ní 4.1 ámpù, ó di 5.6, díìsì sì ti gbẹ́ ìlà 25 sára róólà.

Fún ẹni tó ń wò ó láti ìta, á dà bíi pé gíábọ́ọ̀sì ló ń kú. Ẹ má tíì tú gíábọ́ọ̀sì. Ẹ tú ṣéènì àti gíà kúrò, kí ẹ fi ọwọ́ yí ṣáàfù kọ̀ọ̀kan; èyí tó bá le ni ẹlẹ́bi. Polyethylene líle, èyí tí wọ́n fi ń ṣe pákó ìgéran funfun, la fi rọ́pò rẹ̀. Kì í mu omi. Ó rọ̀ ju náílọ́ọ̀nù lọ lóòótọ́, á sì nílò kí wọ́n ha ojú rẹ̀ lórí léètì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ló jẹ́ kí ilé béárìn ìsàlẹ̀ ní ihò gígùn tí a lè fi tì í sókè. Ìtìsókè náà ní òpin: tí wọ́n bá ti ha róólà kọjá 1 mm, eyín gíà á rì sínú ara wọn jù, ẹ fi òmíràn sí i.

Àgbá ọ̀bẹ

Ọ̀bẹ 8, irin 420 tó ṣeé dáná sí, 3 mm ní nínípọn, 250 mm ní gígùn. Àgbá pẹ̀lú ọ̀bẹ rẹ̀ jẹ́ 120 mm. Ẹnìkan á ní kí a lo ọ̀bẹ àtijọ́ tí wọ́n fi ń gé pépà ní Ṣómólú, àwọn onítẹ̀wé ń jù wọ́n nù, ẹnu wọn sì mú bí nǹkan míì. Lóòótọ́, wọ́n mú. Ṣùgbọ́n irin wọn á dípẹtà, ìdọ̀tí pupa á sì wà lójú dóò kí ilẹ̀ tó mọ́.

A fi ọ̀bẹ kọ̀ọ̀kan dùbúlẹ̀ díẹ̀, ìpẹ̀kun kan ṣáájú èkejì ní 6 mm, kí ó máa já ọ̀já lọ́kọ̀ọ̀kan bí àlùmágàjí. Bí ọ̀bẹ bá dúró tààrà, ọ̀já 24 á gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo férémù á máa mì tìtì nígbà 576 ní ìṣẹ́jú kan, bóòtì á sì tú.

Ọ̀bẹ 8 kì í ga bákan náà lẹ́yìn tí a bá dì wọ́n. Ẹ gbé àgbá odindi padà sórí léètì, kí ẹ so fáìlíìn kékeré, ẹ̀rọ tó ń lọ irin, mọ́ ibi tí ọ̀bẹ léètì máa ń wà, kí ẹ fi lọ gbogbo ẹnu wọn dọ́gba bí àgbá ṣe ń yí jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ ó wá sún ọ̀bẹ tó dúró sójú kan mọ́ ọn. Pépà ìkọ̀wé lásán jẹ́ nǹkan bíi 0.1 mm. Ẹ fi í sáàárín, kí ẹ fi ọwọ́ yí àgbá: ó gbọ́dọ̀ gé pépà náà mọ́ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, láìsí ìró irin. Ibi tó bá fa pépà ya dípò kó gé e, àlàfo ti pọ̀ jù níbẹ̀. Dóò náà á fà bẹ́ẹ̀, ẹyọ á ní ìrù.

Bóòtì M6 tó di ọ̀bẹ mú jẹ́ 32. Sitéńlẹ́ẹ̀sì ni wọ́n. Ẹ rántí pé òòfà tí wọ́n gbé sẹ́nu ibi tí wọ́n ti ń di ọjà kò ní rí bóòtì sitéńlẹ́ẹ̀sì tó bá já sínú chin-chin. Wáṣà elétí tí a ń tẹ̀ mọ́ orí bóòtì la lò, wọ́n sì ń ka orí bóòtì náà lálaalẹ́ tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán. 32, kí wọ́n tó lọ sílé.

Iná

Mọ́tò 1 hp kì í fa iná púpọ̀ tó bá ti ń yí, nǹkan bíi 5 sí 6 ámpù, ṣùgbọ́n ìgbà tó bá fẹ́ gbéra ló ń gba nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo Èkó ń pè ní ai-bẹ́tà-pàs-mai-néíbọ̀ kò lè gbé e dìde. Á kùn, á kú. Ẹ wá 3 kVA sókè. Ìyọnu mìíràn ni iná tó bá wálẹ̀ sí 160 fólìtì: mọ́tò kò ní lè sáré dé ibi tí suwíìṣì inú rẹ̀ ti máa ń já kàpásítọ̀ ìgbéra sílẹ̀, kàpásítọ̀ á dúró sórí iná, á wú, á bẹ́. Àwọn tó máa ń pààrọ̀ kàpásítọ̀ lóṣooṣù ń pààrọ̀ ohun tí kò jẹ̀bi. Ofalóòdù tí a yí sí iye ámpù tó wà lára mọ́tò ló ń gbà á là, kì í ṣe fíúsì ńlá.

Kọ́ńtátọ̀ pọn dandan fún ìdí kan tó ju mọ́tò lọ. Bí iná bá lọ nígbà tí ọwọ́ ẹnì kan ń nu àgbá ọ̀bẹ, suwíìṣì ògiri ṣì wà ní títàn. Bí iná bá padà dé, gbogbo àdúgbò á hó yeee, ẹ̀rọ náà á sì gbéra. Kọ́ńtátọ̀ máa ń já fúnra rẹ̀ tí iná bá lọ, kò sì ní dìde àfi tí wọ́n bá tún tẹ bọ́tìnì. Ẹnu tí dóò ń gbà wọlé ga tó 18 mm, ó sì jìn sí díìsì ní 150 mm, ọwọ́ kò lè dé ibẹ̀. Ìdérí àgbá ní suwíìṣì tirẹ̀: ẹni tó bá ṣí i, ó pa á.

Dóò fúnra rẹ̀

Ẹ̀rọ náà lè gé 5.76 mítà ní ìṣẹ́jú kan. Dóò tó fẹ̀ ní 240 mm, tó nípọn ní 8 mm, ìyẹn súnmọ́ 13 kg ní ìṣẹ́jú kan. Kò sí agbada kankan níbẹ̀ tó lè dín ìyẹn. Ìdí nìyí tí kò fi sí èrè nínú ẹ̀rọ tó tóbi jù báyìí lọ, bó ti wù kí ọlọ́jà yìn ín tó: á gé e tán, dóò á sì dúró máa gbẹ ní ojú.

Ohun tó ń da ẹ̀rọ láàmú jù ni ooru. Bọ́tà inú dóò ń rọ̀ nínú ooru ọ̀sán Èkó, ọ̀já á tẹ̀ lórí pẹpẹ 60 mm tó wà láàárín díìsì àti ọ̀bẹ, á ṣẹ́po, ẹyọ á di 13 mm níbí, 6 mm lọ́hùn-ún. Àwọn kan á lọ fún díìsì ní ẹ̀bi. Díìsì kọ́. Wọ́n ń pò ó pẹ̀lú omi tútù báyìí, wọ́n ń jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú 30 lábẹ́ ọ̀rá, wọ́n sì ń gé e kí agogo 10 àárọ̀ tó lù. Nọ́tìmẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ń rà lódindi ní Òkè Àrín, wọ́n gbọ́dọ̀ lọ̀ ọ́ kúnná kó tó wọ ìpò. Èérún rẹ̀ kan tó bá le lè há sáàárín ọmọ ìka òòyà àti díìsì, ọ̀já méjì á lẹ̀ pọ̀ láti ibẹ̀ lọ títí wọ́n á fi dá ẹ̀rọ dúró. Fúláwà tí wọ́n ń wọ́n lójú dóò kò ju ìwọ̀nba tí asẹ́ kan gbọ̀n lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ.

Ohun tó wà nílé fún àtúnṣe: díìsì mẹ́ta tí iye wọn ti wà lára wọn, wáṣà mẹ́rin, ọ̀bẹ méjì, béárìn kan, kàpásítọ̀ kan, róólà polyethylene kan tí wọ́n ti gé sí 76.4. Àwòrán gbogbo rẹ̀ wà lórí pépà tí a fi ọ̀rá bò, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí ṣéènì, pẹ̀lú iye fániyà wáṣà kọ̀ọ̀kan láti 1 dé 24, torí ẹni tó bá tú u láìmọ ìtò yẹn á padà dé ibi tí òòyà ti ń ha. Sípírọ́kẹ́ẹ̀tì eyín 16 kan so mọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí oníbàárà bá fẹ́ ẹyọ tó gùn díẹ̀, wọ́n á yọ 14, wọ́n á fi 16 sí i, wọ́n á tún ṣéènì fà, ẹyọ á di 11.4 mm.